Bàálù Tó Kọjá Lórí Ìdóàní Láì Tẹ Fèrè

Dùnsìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Olúwa tó jẹ́ kí n rí òní kò ní jẹ́ kí n sunkún rẹ. Èmi ń bẹ, orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú. Zipporah ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí méjì. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Lẹ́tà rẹ dé, fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ náà dé. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ l'Ábújá kí o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, pé kí n fọwọ́ sí ibi tí òbí ń fọwọ́ sí. Iṣẹ́ ìjọba tí àwọn ẹlòmíràn ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rí. O tún ní tí bàálù bá ti dókè tán, ó máa ń wa ara rẹ̀, ẹ kàn ń ṣọ́ ọ ni. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Ewúrẹ́ Zipporah náà ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. O ní òtẹ́ẹ̀lì lẹ ó máa sùn, Kánò lónìí, Èkó lọ́la, ilé iṣẹ́ ni yóò sì máa sanwó rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń sanwó oorun fún ọmọ ọlọ́mọ lásán.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwọ lo sọ lórí fóònù pé bàálù tó ń gbé yín láti Bìní padà sí Àbújá yóò gba orí Ìdóàní kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Mo gúnyán, mo se ẹran ìgbẹ́. Èmi àti Zipporah gbé kúlà lọ sí pápá ilé ìwé, a bẹ àwọn tíṣà kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ kí ẹ lè ráyè dúró. Nígbà tó yá a gbọ́ ìró rẹ̀, a ń ju gèlè sí yín, ẹ ò tilẹ̀ rẹlẹ̀ wò wá. Kàmál tó ń wa lọ́rì lọ sí Bìní, tí kò bá mi tan, kò kọjá níwájú ilé yìí rí láì tẹ fèrè, ó sì máa ń fún mi ní búrẹ́dì. Ọmọ tí mo bí wá kọjá lórí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Zipporah ní bàálù kì í dúró lọ́nà. Mo ní awakọ̀ wo ni kì í dúró nílé ìyá rẹ̀?

Má sì sọ pé mi ò mọ irú ayé tí o fẹ́ lọ jẹ yẹn. Awakọ̀ ni bàbá rẹ. Ó kó pákó lọ sí Kánò, kó tó padà rí ọ o ti hu eyín mẹ́rin, o wò ó, o bú sẹ́kún. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bo oúnjẹ de ẹni tí mi ò mọ ìgbà tí yóò dé. Ìyàwó tí o máa fẹ́, ṣé o ti sọ èyí fún un?

Síbẹ̀ mo wo fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà, èyí tí o yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni bàbá rẹ máa ń ṣe tó bá ń nu lọ́rì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Mo ti fọwọ́ sí i.

Fi owó oògùn orúnkún ránṣẹ́, àti ti ẹran tó ṣòfò. Má fi sínú fóònù mọ́, ti oṣù tó kọjá ṣì wà nínú rẹ̀, mi ò rí ibi tó ń gbà jáde.

Ọlọ́run yóò máa fọwọ́ gbé ọ sókè, yóò sì máa fọwọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe ọ́, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú sójú ọ̀nà. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn pè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agatha