Òjò Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Láti ulé wa, lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Doyinsọ́lá ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìwé kíkà, o kú wàhálà Ìbàdàn. Ṣé o ń jẹun? Olúwa tó dì wá mú nílé kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ níbẹ̀. Màmá rẹ ń kí ọ, kòkó ti so, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì ti bí ìbejì. Ìwé ni mo kọ nítorí pé lórí fóònù, káàdì máa ń tán kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Kọ̀ǹpútà tuntun tí o fi rán awakọ̀ dé láyọ̀. Máyọ̀wá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ gun ọ̀kadà wá ní Sátidé láti kó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ojú ọjọ́ tí o gbé kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé wa kúrò nínú kọ̀ǹpútà àgbà tó ń kú lọ. Nígbà tó ní òjò ọdún kan àti ìjì rẹ̀ ni yóò gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn kọjá, mo sáré gbé àpò gààrí kúrò nílẹ̀, mo sì ti bàsíà sábẹ́ tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í bóyá ìjì tó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ wà níbẹ̀, ó ní ó wà níbẹ̀. Mo ní kó rọra o, kó jẹ́ kí ìyẹn kọjá kẹ́yìn. Ó tún ní bí òun bá kó o tán, yóò ṣì wà nínú àgbà. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, àfi bí ìgbà tí a bẹ́ iṣu lọ tí a fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè kó tún ta òmíràn.

Àṣé ẹjọ́ ń bọ̀. Nígbà tó kó o tán, a wò ó, kò sí òjò níbẹ̀! Oṣù tí o fi wà nílé lẹ́yìn Àjíǹde èṣí, òjò kún ibẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí o padà sí Ìbàdàn, òdo, òdo, òdo títí dòní. Bẹ́ẹ̀ òjò ń lu páànù lórí wa bí a ṣe ń wò ó. Mo ní Máyọ̀wá ti da òjò ọmọ mi nù sójú ọ̀nà. Ó bínú, ó ṣí àgbà, òdo kan náà ló wà níbẹ̀. Ooru nìkan ló pọ̀ lápọ̀jù, ó ní bí òun bá gba kọ̀ǹpútà yìí gbọ́, Sókótó ni a ń gbé. Ó fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ náà lẹ́yìnkùlé, àmọ́ kí òjò tó dá, ilẹ̀ ti ń ṣú, ló bá gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ọkàn mi kò balẹ̀ o. O ti sọ pé bí olùkọ́ rẹ kò bá rí òjò ọdún kan gbáko lóṣù tó ń bọ̀, kò sí másítà. Èéti rí tí ẹ̀rọ tó mọ ooru, tó mọ afẹ́fẹ́, kò fi mọ òjò? Màmá rẹ ní bóyá ó ń bínú pé o kò dágbére fún un. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo dúró tì í nínú òjò, mo ń nawọ́ sí òjò, mo ń sọ fún un pé, òun nìyí, kà á! Omi ń ṣàn lára mi, òun gbẹ táútáú. Mo wọlé lọ wo kọ̀ǹpútà, òdo.

Kì í ṣe pé n kò tọ́jú rẹ̀. O ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ òjò. Ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì pàápàá, a máa ń pa àtíbàbà fún un. Ọ̀sẹ̀ tí o lọ náà ni mo rí i tí òjò ń pa á, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì pe Ọlálérè káfíńtà, ó kan òrùlé páànù lé e lórí, kò jò rárá. Mo wá rò pé òjò tí atẹ́gùn ń gbá wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè kàwé. Jọ̀wọ́ fi owó páànù mẹ́rin ránṣẹ́ kíákíá, ká fi yí i ká. Lágbára Ọlọ́run, ẹ̀kán òjò kan kò ní kàn án títí wàá fi gba másítà rẹ.

Olúwa yóò bò ọ́ bí mo ṣe bo ẹ̀rọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúwọlé