Ẹ̀rọ Bọ́ọ̀sì Tó Pè Mí Ní Ọ̀mùtí

Màámi,

Ara mi le kóko. Ẹ má dá Gunvor tó ní mo mutí lóhùn! Òfófó ni iṣẹ́ tiẹ̀. Mi ò mutí o!

Ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì tí mò ń wà ló parọ́ mọ́ mi. Àfi kí awakọ̀ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, kó mọ̀ pé kò mutí, kí ọkọ̀ tó lè sitáàtì. Mo fẹ́ ẹ, ó ní ọtí ni. Mo tún un fẹ́, ó kọ̀. Làwọn èrò bá bú sẹ́rìn-ín: "Folke, kí ló dé tí o ò bù fún wa?" Ọ̀gá mi fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́!

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò rí ọtí kankan. Ó ní, "Kí lò ń jẹ?"

Mo ní ẹyin àti ẹran nìkan ni, mi ò fẹnu kan búrẹ́dì látìgbà tí Siv ìyàwó mi ti lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Dókítà ní ọ̀rá ara mi ló ń jó, òórùn ẹ̀ ló ń bá èémí mi jáde, tí ẹ̀rọ òpònú yẹn ń pè é lọ́tí.

Mo ti padà sídìí ọkọ̀. Ọ̀gá ò tíì bẹ̀ mí!

Ẹ bá mi kí Siv tó bá yà sọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ fún un pé ikùn mi ńlá tí kì í jẹ́ kó ráyè sùn ti lọ. Àyè pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí.

Folke yín