Ẹni Tí Yóò Se Mílíìkì ní Ọjọ́bọ̀

Èmi, Cornelius Ọlákúnlé Mákánjúọlá, kúùkù ọkọ̀ òkun nígbà kan rí, kúùkù ilé ìwé lẹ́yìn ìgbà náà, tí mo ti fẹ̀yìn tì báyìí sí ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Àyà mi nìkan ni dókítà sọ pé kò gbádùn. Wọn yóò là á ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. Mo ti sọ fún wọn pé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo ní mílíìkì láti sè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo yan Ládépọ̀, ọ̀rẹ́ mi nínú ìjọ Aládùúrà wa, láti mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ṣẹ. Nígbà tí ó bá ń kà á sókè, kò gbọdọ̀ fo ibi tí mo ti bú u.

1. Ilé mi ni mo fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, Ọmọ́níkẹ́ àti Múyìwá, ní ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ tà á níwọ̀n ìgbà tí Ìyáàfin Frieda Lefkowitz, tó ń gbé ní ilé kẹrin sí wa, bá ṣì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Múyìwá, mo mọ̀ pé wàá fajú ro. Láti ìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀ ni o ti ń ti La Porte tí ò ń gbé wá sọ fún mi pé kí n tètè ta ilé. Fara balẹ̀. Júù ni Ìyáàfin Frieda, opó ni, ó sì ti ń bọ̀ nílé wa láti ìgbà tí o kò tíì lè so okùn bàtà rẹ. Ní àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Àjọ Ìrékọjá wọn, wọ́n máa ń ṣe Àjọ Ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ṣafuọ́tì. Oúnjẹ mílíìkì ni ti ọjọ́ náà: wàrà, kéèkì oníwàrà, àti pankéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wàrà dídùn sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ká bí ẹni ká ẹní. Àwa náà ń ka àádọ́ta ọjọ́ tiwa dé Pẹ́ńtíkọ́sì, nítorí náà n kò bá a jiyàn nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọmọ́níkẹ́, kíṣìnnì rẹ ní Sugar Land tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, o sì ṣeun tí o fi lọ̀ wá. Ṣùgbọ́n Frieda kì í wọ mọ́tò lọ́jọ́ àjọ̀dún, ẹsẹ̀ ẹni àádọ́rin ọdún kò sì lè rìn dé Sugar Land.

2. Ewúrẹ́ mi méjì tó wà lóko ní Rosenberg, mo fún Ládépọ̀.

Mo mọ̀ pé inú ata ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin yìí kò rí ẹran kí ó má gbé ojú sókè. Kí ó sáà má sè wọ́n nílé mi.

3. Kọ́bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tó wà ní apá òsì kíṣìnnì, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìkòkò búlúù, àwo mẹ́ta àti ṣíbí tó wà nínú rẹ̀, mo fi wọ́n fún Ìyáàfin Frieda Lefkowitz. Kí wọ́n má ṣe gbé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà.

Òfin wọn ni pé ìkòkò tó bá se ẹran kò gbọdọ̀ se mílíìkì. Nítorí náà, fún ọdún mọ́kànlá, omi inú gíláàsì àti ọsàn tí a kò tíì gé nìkan ló ń mu tó sì ń jẹ nílé mi, èmi tí gbogbo ọkọ̀ òkun ń yin ọwọ́ mi. Lọ́dún 1974, lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, mo ní kí ó fẹ́ mi. Ó ní òun fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n òun ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú kí òun tó mọ̀ mí, àti pé ìkòkò wa pàápàá kò lè jọ gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù kan. Ó dùn mí gan-an. N kò ní parọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa kà lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù kejì, aláwọ̀ ewé yìí.

Mo ra ìkòkò tánganran funfun kan sínú rẹ̀, mo sì tì í. Ọdún márùn-ún kọjá kó tó gbà láti jẹun níbẹ̀. A fẹnu kò pé òun ni yóò ra mílíìkì, èmi ni yóò sè é bí àwọn Fúlàní ṣe ń sè é ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì da omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí yóò mú un dì sínú rẹ̀, nítorí òfin wọn ni pé ọwọ́ Júù gbọdọ̀ wà nínú wàrà tí Júù máa jẹ.

4. Mo jẹ Kùdírátù, àbúrò Ọmọ́yẹni ìyàwó mi olóògbé, ní gbèsè kan. Kì í ṣe owó.

Kùdírátù ń gbé lọ́dọ̀ wa lọ́dún 1979. Nígbà tí àjọ̀dún ku ọjọ́ méjì, mo gbé ìkòkò funfun síta láti nù ún, mo sì jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, ṣàkì ń hó nínú rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé, “Bọ̀dá, màá fọ̀ ọ́ clean now, lẹ́ẹ̀mejì ni màá fi sóòpù fọ̀ ọ́.” Mo gbé àpótí rẹ̀ síta lójú gbogbo àdúgbò. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí àgbà kì í sọ. Ó kó lọ, kò sì padà wá títí di òní. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mo ti kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan inú ilé, dé orí bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn fún un rí. Ẹ̀bi mi ni. Kùdírátù, jọ̀wọ́, fi orí jì mí.

Ohun tí kò mọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kejì, Frieda gbé mílíìkì dé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ìkòkò náà ń dán lórí tábìlì. Bí mo bá dákẹ́, kò sí bó ṣe lè mọ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti fi dúró de ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù láti ọjọ́ yìí wá ni pé mo fẹ́ràn òun débi pé mo lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún òun, àti pé ẹ̀rù náà ti tán. A jọ lọ ra ìkòkò búlúù kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó jẹun nílé mi, ó sì bu wàrà lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà, inú mi dùn, ó sì ń dùn títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nítorí náà, ìkòkò funfun yẹn, tí n kò sọ nù, àti gbogbo ọ̀bẹ tí mo fi sìn lórí omi, mo fún Kùdírátù. Kí ó máa fi se ṣàkì. Bí kì í bá ṣe pé ó fi ìkòkò náà se ṣàkì lọ́jọ́sí ni, bóyá a kì bá tí rí ọjọ́ yẹn.

5. Abala yìí kò dúró de ikú mi. Ládépọ̀, mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá Kùdírátù lónìí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, tí Àjọ Ọ̀sẹ̀ yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́, bí n kò bá lè dìde, kí ó wá dúró nídìí sítóòfù mi, kí ó se mílíìkì nínú ìkòkò búlúù, kí Frieda sì da omi ọsàn sí i. Bí mo bá jí, kí ó wá náà. Àwo mẹ́ta ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti wo gbogbo ẹbí yìí láti òkè délẹ̀. Múyìwá yóò gbàgbé, Ọmọ́níkẹ́ yóò rán ẹlòmíràn. Kùdírátù nìkan ló dá mi lójú pé kò ní ṣi ìkòkò mú mọ́ láyé rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Houston, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, ọdún 1986.

C. O. Mákánjúọlá

Àwọn tó rí i bí mo ṣe fọwọ́ sí i:
Lérè Anthony, akọ̀wé ìjọ
Ọláwọlé Mojọlá, aládùúgbò