Ìdí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fi Jó Níbi Orin Táyọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Òṣogbo níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó lé tí mo ń kọ̀wé. Mo kí Yèyé kú ìtọ́jú yín. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Fọlá kú iṣẹ́ oko kòkó, mo sì kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kú ọyẹ́. Mo gbọ́ pé òkè Ìmẹ̀sí-Ilé kì í hàn mọ́ títí oòrùn yóò fi gòkè. Níbí náà, eruku ọ̀nà ojú irin ti dà pọ̀ mọ́ ọyẹ́, ètè gbogbo wa ti là, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń wúkọ́ ju bí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè lọ.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo kà á ní ìdúró, mo tún jókòó kà á. Ẹ kọ̀wé pé Bàbá Díákónì, tí ẹ rán wá síbi orin Táyọ̀ àbúrò mi gẹ́gẹ́ bí ojú àti etí yín, ti jíṣẹ́. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé igba ènìyàn ló jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó dìde jó. Pé àwọn tó wá gbọ́ orin náà pàápàá kò fẹ́ ẹ. Ẹ wá fi kún un pé bí orin tí Táyọ̀ torí rẹ̀ fi ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ kò bá lè gbé ẹsẹ̀ ẹnì kan kúrò nílẹ̀, kí ó má ṣe yọjú sílé ní Àjíǹde, kí ó má sì yọjú mọ́ títí yóò fi rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ẹ ní ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò tíì parí. Òótọ́ ni Bàbá Díákónì sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ akọrin, tí àwọn onímọ́tò sì ti gbé e dé Ìwàrà, ni mo ṣe fi èsì mi sínú ìwé ìròyìn dípò kí n fi í rán awakọ̀. Kì í sì í ṣe nítorí ara mi nìkan. Mo ń sọ̀rọ̀ nítorí Táyọ̀, mo sì ń sọ̀rọ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni àwọn òbí wọn ti ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ wọn.

Èmi ni mo pe ẹgbẹ́ olórin náà wá. Ẹ ó rántí pé nígbà tí mo wá sílé ní Kérésìmesì, ẹ sọ pé ohun tí Táyọ̀ ń ṣe kì í ṣe orin, ariwo inú ilé ẹlẹ́mu ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Òṣogbo, mo sì pinnu pé n ó fi hàn yín. N ó mú orin náà kúrò lábẹ́ àtíbàbà, n ó gbé e wọ gbọ̀ngàn, n ó tò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó fún wa ní yunifásítì, níbi tí a ti máa ń jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ àwọn àlejò tí wọ́n ń tẹ dùùrù ńlá, tí a kì í sì í pàtẹ́wọ́ àfi bí orin bá tán. Mo rò pé bí ẹni tí ẹ rán bá rí ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò tí wọ́n jókòó bí ẹni wà nínú ìsìn, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Mo yá àga ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mo tò wọ́n, tí mo fi okùn wọn ìlà wọn kí ó má bàa wọ́. Mo tẹ ìwé pélébé kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Orúkọ orin méje wà lókè, òfin mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀: kí a ti jókòó kí agogo mẹ́rin ọ̀sán tó lù, kí a má bá olórin gbe orin, kí a má lọ lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí, kí a má jó. Mo fa ìlà sábẹ́ òfin kẹrin.

Ẹ rí i báyìí, Bàbá. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jó. Ó ń bí mi nínú láti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún ń bí mi nínú pé Bàbá Díákónì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi awò ojú kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n ká a sáàárín ìwé orin wọn, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ fún yín.

Ẹgbẹ́ náà gun orí pèpéle ní agogo mẹ́rin géérégé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Músíbáù, kí àwọn ènìyàn. Kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí pé wọn kò mọ̀ bóyá òfin gba ìdáhùn. Ó kọ orin kìíní, a pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ alága. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó gé e kúrú. Ìró gìtá Táyọ̀ ń lọ bí ẹni tí ń táràrà nínú yàrá onílé. Orin méje tó yẹ kó gbà wá ní wákàtí méjì, wọ́n parí rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Músíbáù dúpẹ́ lọ́wọ́ wa bí ọlọ́jà ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ná ọjà tí kò rà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ká wáyà.

Ohun kan wà tí Bàbá Díákónì kò mú dé ilé. Mo jókòó sí ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin kẹta, ìdí agboòrùn tí wọ́n fi ń tilẹ̀ ń kan sìmẹ́ńtì, kó, kó, kó, kò sì fi ìgbà kan yà kúrò nínú ìlù. Mo rò pé àwọn pàápàá kò mọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn yóò ní irọ́ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé tí mo ń gbé kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkálùkù ń sọ bí orin náà ti rí lójú rẹ̀. Bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ní Òṣogbo. Onílé mi, Alùfáà Ràímì, tí wọ́n ń ránṣọ, ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Tíṣà, ṣé síbi orin lẹ pè wá ni, àbí síbi ìdánwò?" Wọ́n ní nígbà tí ikọ́ ń gbọ̀n àwọn, ńṣe ni àwọn ń wá ẹni tí àwọn yóò nawọ́ sí kí àwọn tó wú u. Wọ́n ní orin náà dùn, àwọn kò jiyàn, ṣùgbọ́n ó dùn bí ìrẹsì tí wọ́n gbé ka iwájú aláàwẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Nọ́ọ̀sì Bísí, tó yá yàrá kejì sí tèmi, ló wá da iyọ̀ sójú egbò. Ó ti rí ẹgbẹ́ kan náà ní Iléṣà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ó ní ìyá kan tí ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń bó obì yà síbẹ̀, tó ń jó pẹ̀lú agbọ̀n obì lórí, tí Táyọ̀ sì di ẹsẹ̀ ìyá náà mú pẹ̀lú ìró gìtá, tí kò jẹ́ kí ó lọ, títí ìyá náà fi sọ agbọ̀n kalẹ̀ tí ó sì fi gèlè di ìdí. Ó ní orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ti oòrùn láti apá kan pápá dé apá kejì. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà òun tí ijó já sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó ní nígbà tí òun rí Táyọ̀ nínú gbọ̀ngàn tiwa, òun rò pé ara rẹ̀ kò yá, díẹ̀ ló kù kí òun gun orí pèpéle lọ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò bóyá ó gbóná.

Mo sọ fún wọn pé etí ni a fi ń gbọ́ orin. Alùfáà Ràímì ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì rí etí tó dá rìn wá síbi orin rí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ìlú tí ènìyàn kò ti ní ẹbí nira ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ni, Yèyé ìbá ti wá sẹ́nu ọ̀nà, wọn ìbá pe oríkì mi, inú mi ìbá rọ̀. Níbí, ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló dá mi lóhùn.

Bí mo ti ń kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Táyọ̀ níbi tí wọ́n wọ̀ sí lẹ́bàá ojú irin. Ìjà ni mo bá lọ. Mo bá a tí ó ń pààrọ̀ okùn gìtá rẹ̀. Mo ní ó dójú tì mí. Mo ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí etí Bàbá wà nínú gbọ̀ngàn, ọjọ́ náà ló yàn láti máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ la máa ń wò. Ẹsẹ̀ ló ń sọ fún wa bóyá ká yára, ká fà á, àbí ká tún un kọ. Ẹ kó igba ènìyàn síwájú wa, ẹ sì so ẹsẹ̀ gbogbo wọn mọ́ àga."

Mo fi ìbínú bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn, nítorí wọn kì í kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí mo mọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún mi nípa ìgbà tó wà ní kékeré, tí Yèyé máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ńṣì dùùrù yín bí ẹ bá ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Kò rí ìwé orin, kò rí ọwọ́ yín. Bàtà yín méjèèjì ló ń rí, lórí pákó tí ẹ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí dùùrù: ọ̀tún a tẹ̀ ẹ́, òsì a dá a lóhùn. Bí àwọn akọrin bá sì fẹ́ máa wọ́ orin nílẹ̀, gìgísẹ̀ yín a kúrò lórí pákó, a kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn a sì gbéra.

"Ẹsẹ̀ Bàbá ni mo kọ́kọ́ wò," ó ní. "Títí di òní, bí orin bá fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́, bàtà dúdú yẹn ni mo máa ń rántí."

Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi pẹ̀lú dàgbà sí, ṣùgbọ́n ìwé ni mo ń wò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí Bàbá Díákónì tí wọ́n gbàgbé ìwé tó wà láàárín ìwé orin wọn. Ó ń bí mi sí ara mi, tí mo fẹ́ yí èrò yín padà nípa orin, tí mo wá gé ẹsẹ̀ orin náà kí n tó gbé e wá. Ẹ má ṣe bínú, ó ń bí mi díẹ̀ sí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá ogójì akọrin dúró nítorí ohùn kan tó yà, kí ló dé tí ẹ fi rán etí ẹlòmíràn wá gbọ́ ọmọ yín? Kò sí etí méjì bí tiyín ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn bàbá mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ orin, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Oògùn ikọ́ Yèyé àti aṣọ òtútù kan wà nínú ẹrù tí ẹni tó mú ìwé ìròyìn yìí wá yóò gbé fún yín. Owó oṣù wa pẹ́ jáde, n kò lè fi nǹkan mìíràn kún un.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, ní ọ̀sán, ẹgbẹ́ Táyọ̀ yóò kọrin lórí pápá yẹn ní Iléṣà. Ẹ dá ìdájọ́ yín dúró di ọjọ́ náà. N ó wá gbé ẹ̀yin àti Yèyé pẹ̀lú mọ́tò. Kò ní sí ìwé pélébé, kò ní sí òfin. Àga kan ṣoṣo ni n ó yá, ti Yèyé ni. N kò ní gbé àga wá fún yín, Bàbá. Ẹ bá mi wọ bàtà dúdú yẹn wá, kí ẹ sì dúró síbi tí Táyọ̀ yóò ti rí i.

Kí Ọlọ́run fi ọyẹ́ yìí ṣe ìtura fún yín, kí orúnkún má dùn yín, kí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì má fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí Yèyé, ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Fọlá àti gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi kí Bàbá Díákónì pẹ̀lú, kí ẹ sì bá mi béèrè àlàáfíà agboòrùn wọn.

Èmi ni ọmọ yín tí ń retí yín,

Olúfẹ́mi