Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyìí Oyèkànmí (1958–2025): Olùkọ́ Tí Kì í Fi Ẹnìkan Sílẹ̀ Lẹ́yìn

Ìlú Ìgbòho ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyìí Oyèkànmí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1958, sínú ìdílé Díákónì Oyèkànmí, àgbẹ̀ oníṣu, àti Màmá Láwùmí, aya wọn. Ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti kàwé kí wọ́n tó wá sí Ìbàdàn ní 1977 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ní 1985, wọ́n gbé Fẹ̀hìntọlá, èmi tí mo ń kọ èyí, níyàwó. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, èmi sì rèé, ìdí rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá wo fọ́tò ìgbéyàwó wa á rò pé èmi ni mo gbé wọn níyàwó.

Wọ́n di olùkọ́ ní yunifásítì ní 1991. Dípò kí wọ́n máa kọ nǹkan sójú pátákó ṣáá, lọ́dọọdún, wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ méje jọ, wọ́n á fún wọn ní iṣẹ́ kan ṣoṣo láàrín ìlú, tí wọn á jọ ṣe fún odindi ọdún. Báyìí ni wọ́n ṣe tún gọ́tà àdúgbò kan ṣe ní Agbowó. Máàkì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé ní pálọ̀ wa ní Bódìjà. Ọkọ mi á bèèrè iṣẹ́, wọ́n á sì bèèrè bóyá oníkálukú ti jẹun. Sátidé àkọ́kọ́, àánú wọn ṣe mí, mo se ẹ̀wà ìkòkò ńlá. Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹta, mo ti ń ti ilé ìdáná pa.

Ní 2016, ọ̀kan nínú àwọn méje ọdún náà, Islamiat, bímọ, kò wá mọ́. Àwọn yòókù fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọkọ mi ní, “Orúkọ méje ni mo kọ, iṣẹ́ ẹni méje ni mo máa gbà.” Wọ́n kó wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì lọ sí ilé Islamiat ní Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́bàá ọmọ tuntun. Èmi ni mo gbé ọmọ náà, ó sì tọ̀ sí mi lára dáadáa.

Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ wa, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì ni wọ́n fún ọdún méjìlélógún.

Àìsàn kíndìnrín dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí. Lórí ibùsùn ni wọ́n ti ń tọ́ àwọn méje ìkẹyìn sọ́nà lórí ààrò tí àwọn obìnrin Ẹlẹ́yẹlé á fi máa yan ẹja láìsí èéfín lójú. Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, kí ààrò náà tó parí.

Ọmọ mẹ́ta, Olúbùsọ́lá, Ẹwàolúwa àti Ìṣọ́raolúwa, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti èmi, ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá wo àárín èrò ìsìnkú yìí tí ẹ kò rí àwọn méje ìkẹyìn yẹn, ẹ má pè wọ́n ní aláìmoore. Àwa ni a ṣe àṣìṣe. Ìwé ìpè ìsìnkú ti dé Ìgbòho kí á tó mọ̀ pé òní gan-an ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀ ní yunifásítì, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Mánsúrù, olórí wọn, kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún: “Màmá, ẹ jẹ́ ká sin Bàbá, ká fèélì.” Bẹ́ẹ̀, ọkàn mi fẹ́ kí wọ́n gbé pósí ọkọ mi. Mo ní, “Bí ẹ bá fèélì nítorí wọn, èmi ni wọ́n máa bá jà. Ẹ máa lọ.” Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún dé ibi tí mi ò lè dìde mọ́.

Bàbá Bùsọ́lá, àwọn ọmọ yín méjèèje kò sí níbí. Ibi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wà ni wọ́n wà. Kí Olúwa tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn re o, ọkọ mi.