Orúkọ Tí Mo Fò Lórí Rédíò

Olówógbowó,
Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Bàbá mi, Ládàánì Mọ̀núrù,

Àsàlámù àléékù o. Mo kí yín, mo kí Ìyá Basheerah, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìta Fájì. Ṣé orúnkún ọ̀tún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí kò ni yín lára jù? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní pa yín lẹ́rìn-ín. Taslimah ìyàwó mi ń kí yín. Ara èmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ó máa yà yín lẹ́nu pé mo jókòó ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi, tí ìrìn láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ yín kò sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà lẹ gbé e, tí mo béèrè ìlera yín, tí ẹ bi mí pé kí ló dé, tí mo sì ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni. Nǹkan wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga jókòó kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ rántí bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ tí wọn kò fẹ́ wọlé mọ́ ni, mo wá ra sálúbàtà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ọjà Balógun. Mo bá ẹ̀rọ àwo yín níbi tó ti ń kọ orin kan tí kò fẹ́ tán. Mo dúró títí ojú kìíní àwo náà fi parí. Ẹ bi mí pé, "Ṣé bàtà lo wá rà ni, àbí orin?" N kò ra bàtà lọ́jọ́ náà. Odidi oṣù márùn-ún ni mo fi ń wá jókòó sáàárín páálí bàtà, tí ẹ ń kọ́ mi ní prógírẹ́sífù rọ́ọ̀kì, àwọn orin gìtá òyìnbó gígùn tí àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń ní kí ẹ pa, kí orí àwọn lè sinmi.

Bí Áfà ṣe kọ́ yín nílé kéwú lẹ ṣe kọ́ èmi náà. Áfà kì í sọ ọ̀rọ̀ kan láìsọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbọ́ ọ, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí onítọ̀hún náà ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe to àwọn ẹgbẹ́ olórin wọ̀nyẹn fún mi. Dream Theater gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Rush, Rush gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Yes àti Genesis, Tool gbọ́ ọ lọ́dọ̀ King Crimson. Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Sámúẹ́lì, ará Ìjẹ̀ṣà tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun láyé ọjọ́sí, tó ń kó àwo bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ẹ kì í fa àwo kan yọ kí ẹ má dárúkọ Sámúẹ́lì. Mo máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé Sámúẹ́lì ló kọ orin náà ni.

Nígbà tí ilé rédíò wá ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ prógírẹ́sífù rọ́ọ̀kì tó ní ipa jù lọ lórí àwọn olórin tó dé lẹ́yìn wọn, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Inú yín dùn débi pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi létí gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n ti fura sí ara mi látorí èsì yẹn.

Ọmọ Èkìtì kan tó ń jẹ́ Ọláyẹmí ni atọ́kùn ètò náà, tó máa ń wáyé ní aago mẹ́rin sí márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé. Ó lọ́yàyà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn. Ó bi mí pé ẹgbẹ́ wo ló ga jù. Mo ní tó bá jẹ́ ti ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi gbogbo, Pink Floyd ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti ẹni tí àwọn olórin fúnra wọn ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, King Crimson ni. Ọ̀rọ̀ yín ni. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́, títí kan bí ẹ ṣe máa ń dánu dúró díẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ wọn. Mo fi kún un pé nígbà tí Tool di gbajúmọ̀ tán, wọ́n ní kí King Crimson wá bá àwọn rìnrìn àjò, kí wọ́n máa kọrin ṣáájú àwọn. Mo ní, "Ọmọ tó mọ ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn." Ọláyẹmí pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tó fi bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló kọ́ yín?" Bàbá, orúkọ yín ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń wò mí, bí ẹni tó rí ọlọ́gbọ́n, mo sì rò ó pé tí mo bá ní bàbá oníbàtà kan ní Balógun ló kọ́ mi, gbogbo ìyìn yẹn á kúrò lọ́dọ̀ mi, á lọ bá ẹlòmíràn. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi o. Èmi ni mo kọ́ ara mi, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń wá a kiri." Ó ní ọpọlọ mi mà pé. Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Taslimah gbọ́ ọ nílé. Ó gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹun tán. Ó wá ní, "Íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo gbọ́ yẹn, ṣé òun náà ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Ó fi mí sílẹ̀ lóòótọ́, kò sì dá sí mi mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Ajé, Basheerah yà níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gìtá. Ẹ má bínú sí i, ọmọ yín kò wá fẹjọ́ sùn. Ó kàn ń sọ bí ọjọ́ Sátidé ṣe rí fún yín ni. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti wé láwàní Ládàánì fún yín, ọjọ́ yẹn ni ẹ kọ́kọ́ ní kí Wàsíù igbákejì yín bá yín pe ìrun Láàsárì nígbà tí ara yín yá. Ó ní ẹ to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ pe Alhaja Ganiat tó ń ta léèsì lódìkejì, ẹ pe àwọn oníbàtà ìlà yín, ẹ há mínírà tútù fún wọn, ẹ ní kí wọ́n wá gbọ́ ọmọ tí ẹ kọ́. Wọ́n sì gbọ́ mi. Nígbà tí mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Alhaja Ganiat yíjú sí yín, ó ní, "Ládàánì, ẹ̀yin wá ńkọ́?" Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbàtà ti ń pè yín ní Olùkọ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì. Basheerah ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ojú mi ló ń wò.

Ibẹ̀ ni mo ti pa irọ́ kejì. Mo ní, "Ìwọ náà ò rò ó ni? Ládàánì ni bàbá ẹ. Tí mo bá dárúkọ wọn lórí rédíò pé àwọn ni ọ̀gá nínú orin rọ́ọ̀kì, kí ni àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí máa sọ? Mo bò wọ́n láṣìírí ni." Ọ̀rọ̀ náà jáde geere bí ẹni pé mo ti ń rò ó láti ọjọ́ méjì. N kò rò ó rí, ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ojú Basheerah tú ká. Ó ní òun á sọ fún yín kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé páálí kan dání. Bàtà aláwọ dúdú ni, ó bá ẹsẹ̀ mi mu gẹ́lẹ́. Ó ní ẹ ní kí òun sọ fún mi pé ayọ̀ ló gbé yín lọ tí ẹ kò fi rántí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, pé èmi ni mo bá yín ronú. Ó ní ẹ ṣàdúrà pé, "Ó bò mí láṣìírí, kí Ọlọ́run bo òun náà láṣìírí." Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá tún ṣe lójú ọmọ yín? Ṣùgbọ́n àdúrà yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bẹ Ọlọ́run kó má tú mi fó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ bá Lẹ́mọ́mù lẹ́yìn ìrun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ kékeré kan tilẹ̀ wà nínú irọ́ mi, kí n lè rí nǹkan dì mú. Lẹ́mọ́mù rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ta ni kò mọ̀ nípa àwo Mọ̀núrù nínú àwọn, pé kí àwọn tó wé láwàní fún yín ni àwọn ti mọ̀, pé ohun kan ṣoṣo tí àwọn bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má máa gbé e sókè lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sí àṣírí kankan tí mo bò, Bàbá. Mo kàn jí iṣẹ́ yín ni.

Àná ni mo tún padà sí ilé rédíò náà. Mo jẹ́wọ́ fún Ọláyẹmí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún, ìṣẹ́jú tó bá wù mí ni kí n fi tún un ṣe. Mo sì tún un ṣe. Mo ní irọ́ ni mo pa, mo ní Mọ̀núrù tó ń ta bàtà ní Balógun ló kọ́ mi, Sámúẹ́lì atukọ̀ ló kọ́ òun. Àwọn èèyàn pè wọlé láti Ìkòròdú títí dé Àgége, wọ́n ń ṣàdúrà fún yín.

Àmọ́ aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo mú. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa ń wà ní àsìkò yẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé orí ìrun Láàsárì lẹ máa wà, pé rédíò ṣọ́ọ̀bù á wà ní pípa, pé Alhaja Ganiat àti àwọn oníbàtà yẹn náà á ti lọ kírun. Gbogbo Èkó ló gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu mi àfi ẹ̀yin àti àwọn tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo yàn án. Ojú yín ni mo ń sá fún. Nígbà tí mo délé, Taslimah kí mi kú iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé n kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Taslimah ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú páálí bàtà náà. N kò tíì wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé mo kọ ẹ̀bùn yín. Ẹni tó bò yín láṣìírí lẹ fún, èmi kọ́ ni ẹni náà. Lọ́la, ní aago mọ́kànlá, tí gbogbo ìlà yín á ti ṣí, mò ń bọ̀ wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yín, màá sì sọ ọ́ lójú àwọn tó jókòó gbọ́ irọ́ mi, ní ohùn tí Alhaja Ganiat á gbọ́ lódìkejì. Ẹ má to àga. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí mi, ẹ ní kí Basheerah ti ilẹ̀kùn, ìta náà ni màá ti sọ ọ́.

Ọlọ́run Ọba á fún orúnkún yín lókun, kò ní jẹ́ kí ohùn yín há lórí ìpè. Ẹ ó jẹ èrè Basheerah, ẹ ó jẹ èrè gbogbo ẹni tí ẹ kọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹni tó jẹ nínú ìmọ̀ yín tún sẹ́ yín mọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí mi. Àmín.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Ubaydullah.

Mo ti ká ìwé yìí tán kí n tó rántí: lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo sọ tí kì í ṣe tiyín. Mo ní Genesis kò fi bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tó jọ wọ́n. Ẹnì kan pè láti Ìkẹjà, ó ní Marillion ńkọ́, àwọn tó jọ Genesis bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá. Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ fún mi rí, n kò fetí sílẹ̀ ni.