Ra Káàdì Ńlá, A Ti Tún Òrùlé Ṣe

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo tún kí ọ kú gbogbo àtẹ̀gùn tí o ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé yàrá rẹ. Ẹlẹ́dàá tó ń bá ọ gùn ún kò ní já ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Ara wa le níbí, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe agídí, tí mo bá ní ká lọ, á ní ká jókòó. Aránṣọ tó múlé gbè wá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un.

A gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ. O ní káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà rẹ ti gbó, pé méjì lo rí lọ́jà, mẹ́mórì ọ̀kan jẹ́ gíìgì mẹ́jọ, ti èkejì jẹ́ mẹ́rìndínlógún, pé kékeré tó fún géèmù òde òní, àmọ́ ńlá ló lè gbé àwọn géèmù tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Lo bá ní kékeré lo máa rà, kí o lè fi owó tó kù tún òrùlé wa tó ń jò ṣe. Ọmọ mi, mi ò gbà.

Mi ò tíì gbàgbé oko inú géèmù tí o fi hàn mí nínú kọ̀ǹpútà yẹn nígbà tí o wálé kẹ́yìn. Àgbàdo tí o gbìn kí a tó jẹun àárọ̀, ó ti gbó kí a tó ṣanwọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà wá tọrọ ilẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí oko náà, mo rí i tí katakata rẹ ń rìn, tó ń dúró, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. O ní mẹ́mórì ló kún, pé kò sí àyè mọ́. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ kejì tí a gbọ́ ohùn rẹ, mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Mo ní kó fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó wúwo bí bíríkì, fáànù méjì ló wà lára rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń fi fáànù ṣe, ó ní tó bá ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ máa ń gbóná. Mo ní òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn. Nítorí náà, tí oòrùn bá kan àtàrí, jẹ́ kó sinmi díẹ̀, má lò ó nílòkulò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, oko yẹn kì í ṣe oko, àwòrán lásán ni. Mo ní tó bá jẹ́ àwòrán lásán, kí ló fẹ́ fi gbogbo àyè yẹn ṣe? Mo wá bi í pé ọdún mélòó ni káàdì ńlá lè lò, ó ní á tó ọdún márùn-ún kí géèmù tuntun tó borí rẹ̀.

Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kọ́ àká kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo bá a po amọ̀ rẹ̀. Àká náà gba irè ọdún yẹn gẹ́lẹ́, bàbá mi ní ó tó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àgbàdo ṣe dáadáa ju bí a ṣe rò lọ, àká kún, a kó ìyókù síta, òjò sì bà á jẹ́ lójú wa. Bàbá mi ń ṣa èyí tí kò tíì bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nǹkan tó, ẹ̀rù máa ń bà mí.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ pé ńlá ni kí o rà, ó ní òun ò rí irú ọkọ yìí rí, tó fẹ́ kí òjò pa ìyàwó ẹ̀ kó má baà pa àgbàdo inú kọ̀ǹpútà. Mo jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lánàá, káfíńtà gun òkè, ó pààrọ̀ páànù mẹ́ta, mo fún un ní apẹ̀rẹ̀ àgbàdo méjì nínú èyí tó kù láká, ó sì dúpẹ́. Òjò rọ̀ láàárọ̀ yìí, omi kankan ò kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ ti ń kọrin. O ò ní àwáwí mọ́, ra ńlá.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Fi owó awò ojú ránṣẹ́, nítorí ebè méjì ni mo ń rí níbi tí ọ̀kan wà. Aránṣọ ní kí o fi tòun náà kún un, pé ọwọ́ ń ro òun. Mi ò rán an, àmọ́ ó ti kọ ọ́.

O ṣèlérí pé wàá gbé kọ̀ǹpútà náà wá lópin ọdún, pé èmi ni màá wa katakata. Orúnkún mi ò lè gbé mi dé oko tiwa mọ́, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì le. Dá ebè kan sí fún mi nínú oko kọ̀ǹpútà rẹ, má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn ní ọdún márùn-ún ni káàdì ńlá máa lò, èmi náà sì ti pinnu pé màá lò ó pé. Má ra káàdì tó máa kú ṣáájú mi.

Òjò kò ní ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́. Àyè rẹ kò ní kún kí ire rẹ tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń dúró de ebè rẹ̀.